Ọwọ́ Géèjì Tó Dúró Láàárín

"Ó ti wálẹ̀! Darla, wá wò ó, ó ti wálẹ̀!"

Darla Ness kò tíì ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ dáadáa tí Orville Hoagland ti ń pariwo pè é, tó ń fi fìlà gbá itan ara rẹ̀. Bàbá náà ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ṣùgbọ́n ayọ̀ ti mú un gbàgbé orúnkún tó máa ń dùn ún. Ó fa Darla lọ́wọ́ lọ sídìí ọkọ̀ akẹ́rù aláwọ̀ ewé kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́, ó ní kó yọjú wo inú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Níwájú àga awakọ̀, ọwọ́ géèjì tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó dúró sí àárín gbùngbùn, kò mì rárá.

"Mo wà á gun òkè itẹ́ òkú, mo tún wà á sọ̀kalẹ̀," Orville ní. "Kò kúrò lójú kan! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé ọkọ̀ yìí padà wá bá yín. Ìwọ ń tú wáyà, ò ń se sẹ́ńsọ̀ nínú ìkòkò bí ẹni ń se ẹyin. Wendell kàn fọwọ́ kàn án ni, ó bùṣe. Mẹkáníìkì gidi nìyẹn."

"Ẹ kú oríire, sà," Darla ní.

Wendell Krogh, ọ̀gá rẹ̀, tó kọ́ ọ níṣẹ́ láti ìgbà tó ti jáde iléèwé girama, dúró lẹ́yìn Orville, ó ń fi àkísà nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí. Kò wo ojú Darla.

Ara fu Darla, nítorí ó mọ ọkọ̀ náà dunjú. Ọdún 1949 ni wọ́n ṣe é. Ẹ́ńjìnnì tó bá a wáyé ti kú, ìgbà tí yìnyín yọ́ tán lọ́dún yìí ni Wendell àti Darla fi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìgbàlódé kan rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà, bó bá ti ń gun òkè báyìí, ọwọ́ géèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbi pupa. Gbogbo àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní àfonífojì Bitterroot ló máa sọ fún ọ pé tí o bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àtijọ́, géèjì á máa parọ́ fún ọ, torí pé òun àti àlejò ẹ́ńjìnnì kò gbọ́ èdè ara wọn. Ohun tí Wendell náà sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Darla ti yọ sẹ́ńsọ̀ tó ń rán ìròyìn ooru sí géèjì, ó ti sè é nínú omi, ó sì ti fi ẹ̀rọ ìwọn-ooru ilé ìdáná wọn ọ́n. Ó ti tọ wáyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí èyí tó ń parọ́ nínú wọn. "Ọ̀gá, ẹ́ńjìnnì yẹn gbóná lóòótọ́," ló sọ fún Wendell lánàá. Láàárọ̀ yìí ni Wendell wá rán an lọ sí Missoula pé kó lọ gbé awọ àga oníbàárà mìíràn wá, ó sì rí i báyìí pé ńṣe ni wọ́n fẹ́ kó kúrò nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Lọ́la Sátidé ló máa pé àádọ́ta ọdún tí Orville fi ọkọ̀ yìí kan náà gbé Verna kọjá òkè Lost Trail lọ sí ìlú Salmon, níbi tí wọ́n ti ṣègbéyàwó. Ó ti búra pé ọkọ̀ yìí náà làwọn máa gbé lọ lọ́la. Ọ̀nà òkè yẹn ga, ó gùn, tẹlifóònù kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ sí ìbàdí Verna, ọ̀pá ló fi ń rìn.

Nígbà tí àwọn bàbá méjèèjì wọlé lọ mu kọfí, Darla mú ẹ̀rọ ìwọn-ooru tó rí bí ìbọn, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó nà án sí ibi tí omi ti ń jáde lára ẹ́ńjìnnì. Igba ó lé ọgbọ̀n lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit. Ooru tó ti kọjá ti omi híhó nìyẹn, bẹ́ẹ̀ géèjì dúró sí igba dín ogún bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ó ki ọwọ́ sábẹ́ pátákó iwájú. Ọwọ́ rẹ̀ kan ibì kan tó wú lára wáyà géèjì, tí wọ́n fi tépù dúdú wé. Nígbà tó tú u díẹ̀, rẹsísítọ̀ kan ló wà níbẹ̀, irú ohun bíńtín tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń dín agbára iná kù. Wọ́n ti fi dín ohùn sẹ́ńsọ̀ kù kó tó dé ọ̀dọ̀ géèjì.

Ó yẹ kó pariwo lójú ẹsẹ̀. Kò pariwo. Orville jáde, ó dì mọ́ Wendell, ó wọ ọkọ̀, ó fọn fèrè títí ó fi kọjá ọgbà ìjọ, Darla sì dúró tó ń juwọ́ sí i. Kò lè dójú ti ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ níwájú oníbàárà. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn, inú sì bí i sí ara rẹ̀ bó ṣe ń juwọ́.

"Ọ̀gá, kí lẹ so mọ́ wáyà géèjì Orville?"

Wendell ń to sípánà sórí tábìlì. "Ohun tí wọ́n máa ń so mọ́ ọn. Géèjì àti sẹ́ńsọ̀ ò bára mu, mo bá wọn parí ìjà."

"Wọ́n bára mu. Mo sè é, mo fi hàn yín."

"O sè é, o sè é. Ṣé ọbẹ̀ ni?"

"Igba ó lé ọgbọ̀n ni mo bá lára ẹ́ńjìnnì yẹn báyìí-báyìí. Ẹ ò tún nǹkan kan ṣe. Ẹ kàn di géèjì lẹ́nu ni."

Wendell mú sípánà kan, ó gbé e sílẹ̀, ó tún mú un. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n; ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tó ti ń gbọ̀n, àwọn méjèèjì sì ti jọ ń ṣe bí ẹni tí kò rí i.

"Ti ilẹ̀kùn yẹn," ó ní. Darla tì í. "Pọ́ǹpù omi ni."

"Pọ́ǹpù tuntun yẹn? Ó ti bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́. Ó ń yí sódì."

Darla fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó yé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ́ńjìnnì ìgbàlódé yẹn, bí bẹ́líìtì rẹ̀ ṣe gba ẹ̀yìn pọ́ǹpù kọjá, apá kan ni pọ́ǹpù rẹ̀ máa ń yí sí. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì irú tàtijọ́ ni wọ́n lò nínú ọkọ̀ Orville, apá kejì nìyẹn sì ń yí i sí. Pọ́ǹpù tó bá bẹ́líìtì àtijọ́ mu ló yẹ kí wọ́n rà. Èyí tí Wendell rà ni ti ìgbàlódé. Dípò kó máa ti omi lọ sínú rédíétọ̀ kó lọ tutù, ńṣe ló ń rò ó lójú kan bí ẹni ń ro ẹ̀bà. Lórí ilẹ̀ títẹ́ ó ṣeé fara dà. Lórí òkè, kò ṣeé ṣe.

"Èmi ni mo rà á, èmi ni mo so ó, lọ́sẹ̀ tí o lọ sìnkú ìyá rẹ," Wendell ní. "Nọ́ńbà ara páálí pọ́ǹpù yẹn kéré. Ojú mi... mo ṣì í kà."

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbé e padà wá."

"Tí ẹ jẹ́ kí n máa tú wáyà láti ìgbà yẹn! Ẹ sọ fún Orville. Ẹ gbé fóònù báyìí kẹ́ ẹ sọ fún un."

"Orville wo? Orville tó ń jókòó sílé kọfí láràárọ̀ bíi rédíò ìlú? Láti ọdún tó kọjá ló ti ń sọ fún wọn pé Wendell ò ríran mọ́. Mo bá a jà lórí ẹ̀, níwájú gbogbo wọn. Kí n wá pè é ní fóònù pé òótọ́ lo sọ?" Ó jókòó sórí táyà kan. "Gbọ́ mi. Ìrìn ẹyọ kan ni. Tó bá rọra wà á, wọ́n á dé. Lọ́jọ́ Ajé, màá ní kó gbé e wá ká pààrọ̀ ọ́ìlì, màá yọ pọ́ǹpù yẹn, màá so èyí tó tọ́. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀."

"Verna ò lè rìn, ọ̀gá. Tí ọkọ̀ bá kú mọ́ wọn lọ́wọ́ lókè yẹn ńkọ́?"

"Mo mọ̀."

"Fóònù ò sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀."

"Mo ní mo mọ̀, Darla!" Ó fi ọwọ́ nu ojú. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ọjọ́ Ajé yẹn náà ni ẹni tó ń kọ pátákó ń bọ̀. Orúkọ rẹ ló máa kọ sókè ilẹ̀kùn yìí, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ò ní ọmọ. Ìwọ ni mo ń gbé ilé iṣẹ́ yìí fún. Ṣé bí o ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kí o kọ́kọ́ ba orúkọ mi jẹ́ nígboro?"

Ká má tan ara wa jẹ, ọ̀rọ̀ pátákó yẹn wọ Darla lára. Ọdún mélòó ló ti fi ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ nínú ilé iṣẹ́ yẹn, tí àwọn oníbàárà ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé mẹkáníìkì dà. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé, ó gbé e sùn, ó gbé e jí. Láàárọ̀ Sátidé, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó kọrí sí oko Orville.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ jù. Orville ti fọ ọkọ̀ náà títí ó fi ń dán, ó ti wọ kóòtù. Verna ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga awakọ̀ nínú aṣọ aláwọ̀ aró, ọ̀pá rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀, agolo bísíkíìtì kan wà lórí itan rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ," Darla ní. "Géèjì yẹn ń tàn yín. Ẹ́ńjìnnì yẹn ṣì gbóná bó ṣe máa ń gbóná, wọ́n kàn fi nǹkan sára wáyà tí kò jẹ́ kó hàn ni. Pọ́ǹpù omi rẹ̀ ń yí sódì. Kò lè gun Lost Trail."

Orville wò ó bí ẹni tó rí àlejò tí kò pè. "Ta ló fi nǹkan síbẹ̀?"

"Wendell ni, sà," Darla ní.

"Wendell." Orville yọ fóònù rẹ̀ lápò. "Ó dáa. Ká bi Wendell." Ó tẹ̀ ẹ́, ó ṣí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Wendell! Darla wà níbí, ó ní n kò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ mi jáde. Ó ní o fún géèjì mi ní oògùn oorun."

Darla ń retí pé Wendell máa sọ òótọ́. Pẹ̀lú gbogbo ohun tó ti gbọ́ lánàá, ó ṣì retí rẹ̀.

"Kò sí nǹkan tó ṣe géèjì rẹ, Orville," ohùn Wendell ní. "Rọra máa wà á, ẹ lọ gbádùn ara yín. Má bá Darla bínú. Láti ìgbà tí ìyá ẹ̀ ti kú ni ọkàn ẹ̀ ò ti pa pọ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

Darla na ọwọ́ sí bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín. Kò ní pẹ́."

"Má fọwọ́ kàn án!" Orville ti fi ara dí i. "O ti fọwọ́ kàn án tó. Láti ìgbà tí yìnyín ti yọ́ lo ti ń fọwọ́ kàn án, kò sóhun tó dáa níbẹ̀ àfìgbà tí bàbá yẹn dá sí i. Ìlara ni, àbí kí ni?"

"Darla." Verna ló sọ̀rọ̀ láti inú ọkọ̀. "Tó bá jẹ́ ìyá rẹ ló jókòó síbi tí mo jókòó sí yìí ńkọ́?"

"Màá gbé e sọ̀kalẹ̀, mà."

Verna na agolo bísíkíìtì àti ọ̀pá rẹ̀ jáde. "Bá mi gba ìwọ̀nyí." Ó di ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mú, ó rọra sọ̀kalẹ̀, ó ń pòṣé ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

"Verna! Àádọ́ta ọdún lónìí!"

"Mo mọ iye ọdún tó jẹ́, Orville. Mo wà níbẹ̀."

Ojú Orville pọ́n. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo Darla, ó wọ inú ọkọ̀, ó gbá ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Bó ṣe wà á jáde ní ẹnu ọ̀nà oko nìyẹn, òun nìkan, pẹ̀lú kóòtù ìgbéyàwó lọ́rùn. Àwọn obìnrin méjèèjì dúró títí eruku fi lọ sílẹ̀.

"Ṣé ó máa kú?" Verna béèrè.

"Rárá, mà. Ẹ́ńjìnnì ló máa kú."

"Ìyẹn á dùn ún ju kó kú lọ," Verna ní, ó sì gba ọ̀pá rẹ̀.

Lọ́sàn-án ni ọkọ̀ tó ń wọ́ ọkọ̀ gbé ọkọ̀ Orville dé, tó gbé e gba ìgboro kọjá níwájú ilé kọfí tí gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Darla wà nílé iṣẹ́. Ó ti wá láti bá Wendell sọ̀rọ̀, Wendell sì ti ń sá fún un láàárín ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo láti àárọ̀, ó ń gbálẹ̀ tí kò dọ̀tí. Wọ́n sọ ọkọ̀ aláwọ̀ ewé náà kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gan pa. Orville bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú áńkáṣífù tó fi wé ọrùn ọwọ́. Nígbà tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lórí òkè, omi gbígbóná ti bó o.

"Mò ń wo géèjì," ó ní. Kò pariwo mọ́. "Gbogbo ìgbà ni mò ń wò ó. Ó wà láàárín. Èéfín bo gíláàsì mọ́ mi lójú, ó ṣì wà láàárín."

"Ẹ jókòó, sà, ẹ jẹ́ kí n wo ọwọ́ yín," Darla ní.

Orville yẹra fún un. "Inú ẹ dùn báyìí? Wendell ti sọ fún mi lórí fóònù nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ débi tí fóònù ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní ìwọ lo so pọ́ǹpù yẹn, o so ó sódì. Ìdí nìyẹn tí o fi sáré wá sílé mi láàárọ̀. O mọ ohun tí o ṣe, o ò kàn lè jẹ́wọ́ ni. O wá fẹ́ dà á lé bàbá tó kọ́ ẹ níṣẹ́ lórí."

Darla yíjú sí Wendell. Ó ń gbálẹ̀. Darla dúró dè é, ó dúró dè é gan-an, bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì tó ti mọ̀ pé ó ti lọ.

"Ọ̀gá, ta ló so pọ́ǹpù yẹn?"

"Ìyẹn ò lè tún ẹ́ńjìnnì ṣe báyìí," Wendell ní, kò gbójú sókè. "Ilé iṣẹ́ yìí ló so ó. A máa wá nǹkan ṣe sí i."

Omijé bọ́ lójú Darla, ti ìbínú ni, ó jẹ́ kó máa dà. "Ọ̀gbẹ́ni Hoagland, lọ́sẹ̀ tí wọ́n so pọ́ǹpù yẹn, mo wà ní ìlú Billings, à ń sìnkú ìyá mi. Ìyàwó yín fi káàdì ránṣẹ́ sí mi níbẹ̀, ẹ̀yin náà fọwọ́ sí i. Báwo ni mo ṣe wá so pọ́ǹpù?"

Orville ronú. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó rántí káàdì náà. Ó wo Wendell. "Wendell?"

"Mo ṣì í sọ ni," Wendell ní.

Orville kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Darla. Bóyá ọwọ́ ló ń dùn ún, bóyá agídí ni. Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ dúró sẹ́bàá títì pé kí ẹni tó ń kọjá gbé òun lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Darla nu ojú rẹ̀. Ó gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ wọ ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́, ó gbé pákó méjì gùn ún lẹ́yìn. Nídìí iṣẹ́ yìí, mẹkáníìkì kọ̀ọ̀kan ló ń ra irinṣẹ́ ara rẹ̀, inú àpótí irin onítáyà ló ń kó wọn sí. Tí o bá rí ẹni tó ń ti àpótí rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà, má wulẹ̀ béèrè bóyá ó ń bọ̀ lọ́la.

Wendell rí i. Ìgbálẹ̀ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Pátákó ńkọ́? Ọjọ́ Ajé ni ọkùnrin yẹn ń bọ̀."

"Ẹ ní kó kọ orúkọ yín síbẹ̀."

"Mo ti dàgbà, Darla."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ̀ bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún Orville."

Ó ti àpótí náà dé ìdí pákó. Ó tì í dé ìdajì, àpótí yí padà sẹ́yìn lé e, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó tún tì í, ó tún padà. Ìwúwo rẹ̀ kọjá agbára ẹnì kan, kò sì sí ẹlòmíì nínú ilé iṣẹ́ náà àfi Wendell. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ó fi ẹ̀yìn tì í, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, kò mọ ohun tó kàn láti ṣe, kò tilẹ̀ mọ ibi tó ń gbé e lọ.

Ó gbọ́ tí ìgbálẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Wendell wá sí ẹ̀gbẹ́ kejì àpótí náà, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó ń gbọ̀n lé e. "Tí mo bá ní ó yá, ká tì í pọ̀," ó ní, bó ṣe máa ń sọ nígbà tí wọ́n bá jọ ń gbé ẹ́ńjìnnì. "Ó yá."

Wọ́n jọ tì í. Àpótí náà gun pákó, ó wọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Darla fi okùn dè é, ó yọ pákó, ó gbé wọn pa mọ́ síbi tí wọ́n máa ń wà. Wendell dúró níbẹ̀ bí ẹni tó ń retí nǹkan. Darla dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ ọkọ̀, ó lọ.